Oúnjẹ Àgbélọ sí Ọdún Iṣu: Ẹ Gbé E Lọ, Ṣùgbọ́n Ẹ Mọ Èyí Tí Ẹ Ó Gbé

Ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ kì í sábà bá ènìyàn nílé ní agbègbè wa. Ọjọ́ náà ni ọdún iṣu tuntun ní Savalou. Ọjọ́ kan náà ni ìjọ Àgùdà ń ṣe àjọ̀dún Ìgbàsókè Màríà, ìjọba Benin sì fi í ṣe ọjọ́ ìsinmi fún tọmọdé tàgbà. Ọmọ Savalou tó wà ní Kútọnu á wálé, èyí tó wà ní Parakou á wálé, èyí tó wà ní Nàìjíríà tàbí ní ilẹ̀ Faransé náà á wálé bí owó ọkọ̀ bá ká a. Àwa ará Lougba, ará Bantè, ará Gouka àti ará Pira kì í gbẹ́yìn. Ẹni tí kò rí tasí wọ̀ á gun alùpùpù akérò tí à ń pè ní zémidjan, ẹni tí kò rówó zémidjan á bẹ ará àdúgbò tó ní alùpùpù. Bí ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e bá sì dé, àwọn Àgùdà á tún forí lé Ìdàáṣà, níbi ihò àpáta Notre-Dame d'Arigbo, tí èrò ti máa ń wá láti gbogbo Benin àti láti òkèèrè wá gbàdúrà, tí ọ̀pọ̀ wọn á sì sùn síta mọ́jú.

Ìlù àti aṣọ ọdún kọ́ ló gbé mi wá. Ọ̀rọ̀ ikùn ni mo bá wá, àti ọ̀rọ̀ àpò.

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹni tó jí kúrò nílé ní ìdájí, tí kò ní padà títí oòrùn á fi wọ̀, yóò jẹun lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán, yóò sì máa mumi léraléra. Bó bá jẹ́ òun nìkan, ó lè fara dà á. Bó bá kó ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta dání ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó, ká má sì fi iye tó ga ṣe é. Ká ní abọ́ oúnjẹ kan pẹ̀lú ẹja jẹ́ 1,000 sẹ́fà. Ẹni márùn-ún, ìgbà méjì, 10,000 nìyẹn. Ká ní ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan jẹ́ 500, tí kálukú mu ẹyọ kan, 2,500 nìyẹn. Ẹ fi 500 omi inú ọ̀rá lé e. 13,000 sẹ́fà ti lọ, a kò tíì ka owó ọkọ̀, a kò tíì ka fèrè àti bọ́ọ̀lù tí àbíkẹ́yìn á fi ẹkún gbà. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, owó oṣù tó kéré jù tí òfin Benin fọwọ́ sí ni 52,000 sẹ́fà. Ìdámẹ́rin owó oṣù òṣìṣẹ́ kan ni ìdílé náà fi jẹun ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Àgbẹ̀ tí kò gba owó oṣù ńkọ́, tí owó kajú rẹ̀ ti tán, tí òwú rẹ̀ ṣì wà lóko, tí ilé ìwé sì ń bọ̀ wá wọlé lóṣù tó ń bọ̀? Ìwé àti bàtà ọmọ ló fi jẹ ìrẹsì lọ́jọ́ ọdún.

Mo mọ̀ pé àwọn kan wà láàárín wa tí ojú máa ń tì láti gbé abọ́ dání lọ síbi ọdún. Wọ́n ń rò pé àwọn tó ti Kútọnu dé á wo àwọn bí ẹni tí kò ní. Ẹ gbọ́ èyí. Ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà, ibi ìgbafẹ́ ńlá kan wà tó ń jẹ́ Walt Disney World, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 1971. Ẹni tó bá ti sanwó ìwọlé, tó ti kó ọmọ wọlé, kò sí ọjà mìíràn tó lè sá lọ, iye tí wọ́n bá dá lé oúnjẹ níbẹ̀ ló máa san. Síbẹ̀, àwọn tó ni ibẹ̀ fúnra wọn gbà kí àlejò gbé oúnjẹ tirẹ̀ wọlé, bí kò bá ti sí ìgò nínú ẹrù rẹ̀, tí kò gbé ọtí líle, tí oúnjẹ náà kò sì ní béèrè pé kí wọ́n bá a gbé e kaná. Àwọn ìdílé tó lówó jù wá lọ ń gbé búrẹ́dì àti èso wọlé níbẹ̀, wọ́n ń jókòó jẹ ẹ́ ní gbangba. Kí ló wá dé tí ojú á fi ti ará Lougba? Àwọn ibi ìgbafẹ́ mìíràn wà ṣá, lọ́dọ̀ tiwa àti lókè òkun, tí wọn kì í gba oúnjẹ ìta. Bí ẹ bá ń kó ọmọ lọ sí irú ibẹ̀, ẹ béèrè kí ẹ tó di ẹrù. Ọdún iṣu ní tirẹ̀, ìta gbangba ìlú ni a ti ń ṣe é.

Nítorí náà, ẹ gbé oúnjẹ lọ. N kò yí ohùn padà lórí èyí. Ṣùgbọ́n oúnjẹ àgbélọ tí a kò fi ọgbọ́n yàn lè gba owó lọ́wọ́ wa ju èyí tí ìyá olóúnjẹ ìbá gbà lọ, nítorí pé ilé ìwòsàn kì í ta àwìn. Ibi tí ìkìlọ̀ mi wà gan-an nìyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ.

Ẹ wo bí ọ̀pọ̀ ìyálé ilé ṣe ń ṣe é. Wọ́n mọ̀ pé ìdájí ni ọkọ̀ máa gbéra, nítorí náà wọ́n á se ìrẹsì ní alẹ́ ọjọ́ 14, bí agogo mẹ́sàn-án. Wọ́n á da ọbẹ̀ ata lé e lórí, wọ́n á kó o sínú kúlà, wọ́n á dé e pa kó má baà tutù. Wọ́n á gbé e wọ ọkọ̀, kúlà á jókòó sínú oòrùn, nígbà tó bá di agogo kan ọ̀sán wọ́n á ṣí i, wọ́n á bù ú fún ọmọ. Wákàtí mẹ́rìndínlógún ni ìrẹsì yẹn ti lò. Kò gbóná, kò tutù, ó kàn lọ́wọ́ọ́wọ́. Kò sí ohun tí kòkòrò àìfojúrí fẹ́ tó ìlọ́wọ́ọ́wọ́ yẹn.

Ọ̀kan wà nínú àwọn kòkòrò náà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Bacillus cereus. Inú ilẹ̀ ló ń gbé, ó sì ń bá ìrẹsì wá láti oko. Bí a bá se ìrẹsì, ìyókù kòkòrò yòówù lè kú, ṣùgbọ́n èyí ní èso kan tó le bí èèpo, tí omi híhó kì í pa. Èso náà á sùn sínú ìrẹsì. Bí ìrẹsì bá ti bọ́ sí ìlọ́wọ́ọ́wọ́, á jí, á máa pọ̀ sí i, á sì máa tu oró sínú oúnjẹ. Oró yẹn ló ń mú kí ènìyàn bì láàárín ìdajì wákàtí sí wákàtí mẹ́fà tó bá jẹ ẹ́. Èyí tó burú jù ni pé iná kì í ba oró náà jẹ́. Ẹni tó bá ní òun á tún un gbé kaná kí òun tó jẹ ẹ́ kò tíì ṣe nǹkan kan. Ìrẹsì náà sì lè má rùn, ó lè má yọ̀, ó lè má kan. Ọ̀pọ̀ ìyá ló ń fi imú dán oúnjẹ wò, imú sì dára fún ọ̀pọ̀ nǹkan, ṣùgbọ́n kò lè gbọ́ òórùn ohun tí kò ní òórùn.

Ìrẹsì nìkan kọ́. Ọbẹ̀ ẹran tí a se sínú ìkòkò ńlá, tí a fi sílẹ̀ kó tutù díẹ̀díẹ̀ mọ́jú, ní kòkòrò tirẹ̀ tó máa ń hù nínú rẹ̀. Ẹja tí a fi ọwọ́ já, ẹyin tí a bó, ẹran tí a gé wẹ́wẹ́, gbogbo wọn ń gba ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni tó fọwọ́ kàn wọ́n. Bí ọ̀bẹ bá ti bu ìyá lọ́wọ́ níbi tó ti ń bẹ iṣu, tí ojú ọgbẹ́ náà sì ti ń ṣe oyún, kòkòrò kan tó ń jẹ́ Staphylococcus aureus á ti ojú ọgbẹ́ bọ́ sínú oúnjẹ. Òun náà ń tu oró tí iná kì í pa. Ẹni tó lọ́gbẹ́ lọ́wọ́, kó jẹ́ kí ẹlòmíràn di oúnjẹ ọjọ́ náà.

Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà márùn-ún kalẹ̀ ní ọdún 2001 lórí oúnjẹ tí kò ní ṣe ènìyàn ní ìjàǹbá. Wọ́n ní kí ọwọ́ àti ohun èlò mọ́, kí ohun tútù má fara kan ohun sísè, kí á se oúnjẹ jinná, kí á tọ́jú rẹ̀ síbi tó gbóná tàbí tó tutù tó, kí omi àti èròjà rẹ̀ sì jẹ́ èyí tó mọ́. Lórí ìkẹrin ni àwa àgbélọ ti ń ṣìnà. Oúnjẹ sísè gbọ́dọ̀ gbóná kọjá 60°C, tàbí kó tutù tó bí inú fìríìjì, ní ìsàlẹ̀ 5°C. Ohun tó bá wà láàárín méjèèjì kò gbọdọ̀ lò ju wákàtí méjì lọ. Àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí oúnjẹ ní Amẹ́ríkà tún dín in kù: bí ojú ọjọ́ bá mú kọjá 32°C, wákàtí kan péré ni. Oṣù kẹjọ ṣì rọ̀ wá lọ́rùn díẹ̀ nítorí òjò. Àmọ́ ní ọjọ́ Ajé Àjíǹde, tí àwọn ọ̀dọ́ wa máa ń kó ara wọn jọ lọ gbafẹ́, oòrùn oṣù kẹta àti ìkẹrin kì í ṣojú àánú.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ inú rírun lásán ni mo ń sọ. Ní 2015 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìṣirò wọn jáde: ní ilẹ̀ Áfíríkà nìkan, ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù 91 ni oúnjẹ tí kò dára ń mú ṣàìsàn lọ́dọọdún, 137,000 nínú wọn sì ń kú. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló ń ru èyí tó wúwo jù. Àwọn ọmọ náà ni à ń gbé kọ́rùn lọ wo ọdún.

Kúlà tí gbogbo wa fẹ́ràn kò lágbára tó bí a ṣe rò. Ó ń mú kí oúnjẹ pẹ́ kó tó tutù, ìyẹn nìkan ni. Bí ẹ bá fẹ́ gbé ohun gbígbóná dandan, ẹ wá fúláàsì tó dára. Ẹ kọ́kọ́ da omi híhó sínú rẹ̀, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí ara rẹ̀ gbóná, ẹ da omi náà nù, ẹ wá kó oúnjẹ tó ń hó lójú kan náà sínú rẹ̀ dé ẹnu. Ìdájí ọjọ́ náà ni kí ẹ se é, kì í ṣe alẹ́ àná. Kí ẹnikẹ́ni má ṣí i wò títí ẹ ó fi jẹ ẹ́. Bí ẹ bá ṣí i tí kò jó yín lẹ́nu, kò yẹ ní jíjẹ.

Ẹni tí kò ní fúláàsì kò pàdánù nǹkan kan, nítorí pé àwọn baba ńlá wa ti mọ oúnjẹ ìrìn-àjò kí fúláàsì tó dé. Wọ́n ń rin ìrìn ọjọ́ púpọ̀ lọ sọ́jà. Ohun tó gbẹ, ohun tó kan, ohun tí a dín gbẹ, àti èso tó wà nínú èèpo rẹ̀: mẹ́rin yìí ló ń rìn jìnnà tí kì í tètè bàjẹ́.

Gàrí ló ṣáájú. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Bantè àti Savalou kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ yín ní gàrí, ilẹ̀ wa ló ni ín. Èyí tí wọ́n ń pè ní sohoui, tó kúnná, tó gbẹ, tó ń dún lẹ́nu, àwọn ìyá ọjà Kútọnu ń fi orúkọ Savalou tà á. Gbígbẹ tó gbẹ yẹn ló ń gbà á, nítorí kòkòrò kò lè hù níbi tí kò sí omi. Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ gbọ́dọ̀ ti kan dáadáa, kí a sì ti fún un tán kí a tó yan án, nítorí oró wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù, kíkan àti fífún ló ń lé e jáde. Gàrí tí wọ́n fi ìkánjú ṣe nítorí pé ọjà ọdún ti súnmọ́, ẹ má rà á. Ẹ gbé gàrí, ṣúgà, kúlíkúlí tàbí ẹ̀pà yíyan, ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún ti yó.

Lórí ẹ̀pà, ẹ dákun, ẹ ṣà á. Èyí tó ti wú, tó dúdú, tó korò, ẹ sọ ọ́ nù, ẹ má sì lọ̀ ọ́ mọ́ kúlíkúlí kí ó má baà ṣòfò. Ní ọdún 2002, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn tó ń jẹ́ BMJ gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe láàárín àwọn ọmọdé bí 480 ní Benin àti Tógò. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ, mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ló ní oró aflatoxin nínú ẹ̀jẹ̀, oró tó ń ti ara olú inú ẹ̀pà àti àgbàdo wá. Àwọn tó ní púpọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n kúrú jù, tí wọ́n sì fúyẹ́ jù. Ọmọ wa ni wọ́n yẹ̀ wò, kì í ṣe ọmọ ibòmíràn.

Ẹ̀kọ inú ewé náà dára. Kíkan tó kan ló ń ṣọ́ ọ, kòkòrò tó ń pani kì í fẹ́ràn ibi tó kan. Ẹ jẹ́ kó tutù tán kí ẹ tó tò ó sínú agbọ̀n, ẹ má sì tú ewé rẹ̀ títí ẹ ó fi jẹ ẹ́. Dùndú àti àkàrà tí a dín ní ìdájí, tí a jẹ́ kí òróró ro kúrò lára wọn, tí a sì jẹ́ kí wọ́n tutù kí a tó wé wọn, dára fún òwúrọ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ má jẹ́ kí wọ́n pẹ́ nílẹ̀. Bí a bá wé wọn nígbà tí wọ́n ṣì ń rú èéfín, omi á sẹ́ sí wọn lára, ìyẹn ló ń bà wọ́n jẹ́. Wàrà àwọn Fúlàní, kí a dín in títí ara rẹ̀ á fi le. Ẹyin, kí a sè é jinná, kí a sì fi í sílẹ̀ nínú èèpo rẹ̀. Kí ọmọ fúnra rẹ̀ bó o nígbà tó bá fẹ́ jẹ ẹ́, lẹ́yìn tó ti fọwọ́. Oṣù kẹjọ sì ni àsìkò àgbàdo tútù àti ẹ̀pà tútù. Ẹ̀pà tútù tí a sè pẹ̀lú iyọ̀ ní òwúrọ̀ ń tu ọmọdé nínú ju bisikíìtì lọ, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti ọsàn, ibi ọdún ni kí a ti bó wọn.

Ẹ fi móínmóín sílẹ̀, ẹ fi sàláàdì àti mayonnaise sílẹ̀, ẹ fi ọ̀pẹ̀ òyìnbó tàbí ìbẹ́pẹ tí a ti gé láti ilé sílẹ̀, ẹ fi mílíìkì tí a ti já ẹnu rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀wà olómi náà, ilé ni ipò rẹ̀.

Iyán ńkọ́? Iyán kì í rìn. Ẹni tó gún iyán ní Lougba tó ní òun á jẹ ẹ́ ní Savalou fi iyán náà ṣòfò ni, yóò ti dì, yóò sì ti bẹ̀rẹ̀ sí kan. Àti pé, kí ni à ń lọ ṣe níbi ọdún iṣu bí a kò bá ní jẹ iyán tuntun níbẹ̀? Mo fẹ́ kí ìdílé kọ̀ọ̀kan ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìyẹn nìkan. Ẹ fi gàrí àti àkàrà pa ebi òwúrọ̀, ẹ fi ẹ̀pà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tan ọmọ títí di ọ̀sán, lẹ́yìn náà ẹ wá ìyá oníyán kan lọ, ẹ ra iyán iṣu laboko gbígbóná, kí ẹ jọ jókòó jẹ ẹ́. Dípò 13,000, bóyá 4,000 tàbí 5,000 ni ẹ ó ná, ẹ ó sì ti jẹ ọdún. Àwọn ìyá tó ń tajà lọ́jọ́ náà, oko ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń bọ̀ bíi tiwa, wọ́n ti ra igi, wọ́n ti ra epo, ọmọ tiwọn náà ń lọ ilé ìwé. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má rà lọ́wọ́ wọn. Ẹ kàn yan ẹni tí ẹ ó rà lọ́wọ́ rẹ̀: ẹni tí odó rẹ̀ ń dún lójú yín, tí ọbẹ̀ rẹ̀ ń hó lórí iná, tí kì í fi ọwọ́ kan náà gba owó kó tún fi bu iyán, tí omi fífọ abọ́ rẹ̀ kò tíì di ẹrẹ̀.

Ohun tí ẹ ó fi wé oúnjẹ tún wà. Láti ọjọ́ 26 oṣù kejìlá ọdún 2017 ni òfin Benin ti ka ọ̀rá tí kì í jẹrà léèwọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ṣì ń rí i lọ́jà. Yàtọ̀ sí òfin, n kò fẹ́ràn kí a máa da ọbẹ̀ gbígbóná sínú ọ̀rá dúdú tí a kò mọ ohun tí wọ́n fi ṣe é. Ewé kò wọ́n wa. Ewé tíkì wà káàkiri, kí a fi omi tó mọ́ fọ̀ ọ́ lójú lẹ́yìn, kí a nù ún gbẹ. Abọ́ ike tó ní ìdérí náà dára, a lè lò ó títí, a sì lè gbé e padà wálé dípò kí a fi pàǹtírí sílẹ̀ fún àwọn tó gbà wá lálejò.

Omi ló kù, ibẹ̀ ni ọkàn mi ti ń mì jù. Nínú òjò oṣù kẹjọ, àgbàrá ń gbé ohun gbogbo tó wà nílẹ̀ wọnú kànga àti odò. Ẹni tó gbé gàrí tó gbẹ dáadáa, tó wá fi omi odò rẹ ẹ́, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ da kòkòrò sí i. Ẹ gbé omi láti ilé, kí ó ti hó kùtù fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán, kí ó tutù nínú ìkòkò tó ní ìdérí. Àrùn onígbáméjì, tí Nàìjíríà fi pàdánù ènìyàn tó lé ní 3,500 ní ọdún 2021 nìkan, inú omi àti oúnjẹ ló ń gbà wọlé, ibi tí èrò bá sì pọ̀ sí ló ti ń yára ràn.

Inú kí ni ẹ ó wá gbé omi náà sí? Mo ń bẹ̀ yín, ẹ má gbé e sínú bídọ́ọ̀nù tí oògùn apakoríko tàbí oògùn òwú ti wà nínú rẹ̀ rí. Kò sí iye ọṣẹ tàbí yanrìn tó lè fọ̀ ọ́ kúrò. Oògùn náà ti wọ ara ike, á sì máa jáde díẹ̀díẹ̀ sínú omi. Ní Borgou, lókè wa níbẹ̀, ní àkókò òwú ọdún 1999 sí 2000, ó kéré tán ènìyàn 37 ló kú nítorí oògùn kòkòrò òwú tó ń jẹ́ endosulfan, oúnjẹ tó ti fara kan oògùn náà sì wà lára ohun tó fà á. Ó di ọdún 2011 kí àwọn orílẹ̀-èdè tó fohùn ṣọ̀kan nínú àdéhùn Stockholm pé kí wọ́n pa á rẹ́ ní gbogbo ayé. Ó ti lọ, àmọ́ àwọn mìíràn wà nínú ilé wa lónìí, bídọ́ọ̀nù wọn sì mọ́ lójú, ó ní ọwọ́ ìmú, ó gba lítà márùn-ún, ó dà bí ẹni pé fún omi ìrìn-àjò ni wọ́n ṣe é. Ẹ dá a lu, ẹ fọ́ ọ, kí ọmọ má baà rí i lò. Bákan náà ni àpò tí wọ́n fi kó ajílẹ̀ tàbí oògùn: kò gbọdọ̀ di àpò gàrí láé. Bídọ́ọ̀nù òróró tí a ti fọ̀ dáadáa ni kí ẹ lò, tàbí ìgò omi tí ẹ rà.

Ẹ mú ọṣẹ kékeré kan dání. Ibi ọdún kì í ní omi fífọwọ́ tó tó, ewé kò sì lè rọ́pò ọṣẹ. Bídọ́ọ̀nù kékeré kan fún ọwọ́ nìkan, yàtọ̀ sí ti mímu.

Bó bá wá ṣẹlẹ̀ pé ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí bì tàbí tó ń yàgbẹ́ gbuuru, lọ́nà tàbí lẹ́yìn tí ẹ délé, ẹ má dúró kó dákẹ́ fúnra rẹ̀, ẹ má sì pa omi mọ́ ọn lẹ́nu pé bó bá mu á tún yà á. Omi tó ń jáde lára rẹ̀ ló ń pa á. Bí kò bá sí oògùn oníyẹ̀fun ORS nítòsí, ẹ po lítà omi mímọ́ kan pẹ̀lú ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, kí ojú ṣíbí tẹ́jú, kó má ga bí òkìtì. Ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀, bó bá bì í, ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ọmú kò gbọdọ̀ dúró. Bí ojú ọmọ bá jìn wọnú, bí kò bá tọ̀, bó bá ń sùn tí kò ṣe é jí, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, tàbí tí ìgbẹ́ náà dà bí omi ìrẹsì, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú kan náà. Hôpital de zone tó wà ní Savalou, fún Savalou àti Bantè ni wọ́n ṣe é. Ẹ máa po omi náà fún un lójú ọ̀nà, kí ẹ má dúró di ìgbà tí ẹ bá débẹ̀. Ẹ sì rántí ohun tó jẹ àti ìgbà tó jẹ ẹ́, dókítà á béèrè.

Lálẹ́ tí ẹ bá padà dé, ó ṣeé ṣe kí nǹkan ṣẹ́kù. Ìyá tó ti rẹ̀ á wo ìdajì kúlà ìrẹsì, á rántí iye tó ra ìrẹsì, á gbé e sápá kan pé àárọ̀ ọ̀la ni àwọn ọmọ máa fi jẹun. Ìyá mi, ẹ dà á nù. Ẹ̀kọ tí ewé rẹ̀ kò tíì tú, ẹ lè jẹ ẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Àkàrà àti dùndú tó kù, ẹ dà wọ́n nù. Ẹyin tó ti rin ìrìn-àjò lọ, tó tún rin ìrìn-àjò bọ̀, ẹ sọ ọ́ nù pẹ̀lú èèpo rẹ̀. Gàrí tí omi kò kàn nìkan ni kó padà sínú garawa.